Ìwọ̀n Orí

Kí n tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ aláṣọ,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń wọ̀n ọ́n.
Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìdó ló sọ ọ́ di bárakú fún mi:
"Ìbídàpọ̀, aṣọ tí a bá ti gé kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́
nígbà tí Dókítà Fátúróti gbé fọ́tò ọpọlọ mi sójú iná,
tó fi gègé tọ́ka sí àmì funfun kan lẹ́bàá etí òsì,
kò ju hóró ìrẹsì lọ.
Ó ní, "Ibí yìí ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.
Wọ́n lè gé e kúrò."

Ọdún mẹ́tàdínlógún!
Oògùn funfun láàárọ̀, oògùn pupa lálẹ́,
èyí tó ń mú mi tòògbé sórí ẹ̀rọ ìránṣọ kò níye.
Ẹ wo eyín mi iwájú: ṣíbí ìyàwó pásítọ̀ ló kán an.
Ẹ wo apá mi: áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo ṣubú lé,
tí àwọn oníbàárà dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń wò mí,
wọ́n ní itọ́ mi ń ràn.
Ìtọ̀ màlúù tí wọ́n rọ sí mi lọ́fun lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án,
òórùn rẹ̀ ò tíì kúrò nínú àlá mi.
Hóró ìrẹsì kan ló fa gbogbo èyí?

Yèyé mi dìde lórí àga.
"Orí kì í ṣe àpò tí èèyàn ń tú wò.
Orí tí mo kúnlẹ̀ bẹ̀ fún ọmọ mi,
ṣé òun lẹ fẹ́ fi ayùn là bí àgbọn?"
Dókítà ò bínú. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́,
ó ní, "Mà, egungun la fẹ́ ṣí. A ò ní débi tí kádàrá wà."
Yèyé mi ní, "Ta ló fi ààlà rẹ̀ hàn yín?"
Ó dákẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìdákẹ́ yẹn.

Mo bi í: "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ yìí wà?"
Ó wo ilẹ̀. "Ó ti tó ọdún mẹ́fà.
Mo rò pé bí mo bá dárúkọ ọ̀bẹ, ẹ ò ní padà wá mọ́,
ẹ ó sì pa oògùn tì.
Ẹ̀rù ń ba èmi náà.
Mo ń sọ pé ká gbìyànjú èyí, ká tún gbìyànjú tọ̀hún,
títí ọjọ́ fi lọ."

Ọdún mẹ́fà. Inú rẹ̀ ni ọkùnrin kan ti wá láti Ùsì,
tó ní òun fẹ́ mọ ilé wa,
tó rí mi nílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, tí kò gba ọ̀nà wa mọ́.

Mi ò bú u. Mo fa abẹ́rẹ́ yọ létí gèlè mi,
mo fún un pẹ̀lú òwú dúdú, mo ní kó ki òwú bọ ojú rẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi kọ́ ni màá gé e.
Ìbàdàn lẹni tó ń ṣe é wà."
"Ẹ ṣáà kì í bọ̀ ọ́ ná."
Ẹ̀ẹ̀kíní, òwú yẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó yẹ̀.
Ó fi itọ́ ra ẹnu òwú, ó di ojú kan, ó wọlé.
Yèyé mi jókòó.

Ìgbà náà ni mo bi í léèrè ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an:
ṣé màá ṣì rántí ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi?
Mi ò kọ ọ́ síbì kan. Àyà Màmá Adérẹ̀mí, ejìká tíṣà Ọ̀jọ́mọ̀,
inú orí yìí ni gbogbo wọn wà.
Ó ní mo lè rántí, mo lè gbàgbé díẹ̀.
Ó ní àwọn kan bọ́ pátápátá, àwọn kan ṣì ń ṣubú.
Kò fi oyin sí i.
Bí wárápá bá lọ, ta ni màá jẹ́?
Ìyẹn, mi ò bi í. Kì í ṣe ìbéèrè dókítà.

Fọ́ọ̀mù náà wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi báyìí.
Mi ò tíì buwọ́ lù ú.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, nígbà tí òjò pa iná gbogbo àdúgbò,
mo tan fóònù, mo fa téèpù yọ,
mo yí i ká orí ara mi, níbi tí wọ́n máa fá:
íńsì mọ́kànlélógún àti ààbọ̀.
Aṣọ pupa kékeré kan wà nílẹ̀ tó lè di fìlà.
Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo tún un wọ̀n.
Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.